Orí Àpáta Ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wà

Ní Ògìdì, orí àpáta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.
Bí o bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ, wàá gùn ún.
Ìyá mi bọ́ sálúbàtà, ó fi há abíyá,
ó ní ẹsẹ̀ lásán ni àpáta mọ̀.
Mo gbé fóònù, mo gbé omi,
a ń gòkè bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn iyọ̀.
Láàárín ọ̀nà, ó dúró. Kò sọ pé ó rẹ òun.
Ó ní òun ń wo oko káṣú àwọn Tóluhì.

Ìgbà tí a dé ìdí igi ṣapá,
níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń nawọ́ sókè bí ẹni ń tọrọ òjò,
fóònù gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n.
Àwòrán mẹ́rìnlá, láti ọwọ́ Bósẹ̀dé
ní Lúsẹ́mbọ́ọ̀gì,
ìlú tí ìyá mi ń pè ní Lúsì
bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò kan ni.

Afárá ló kọ́kọ́ yọ, òkúta gbígbẹ́,
ó hẹ̀yìn bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Lábẹ́ rẹ̀, koríko, àti omi tínínrín kan tó ń yọ́ lọ.
“Gbogbo afárá yìí, nítorí omi yìí?”
Ó pòṣé. Mo mọ̀ pé odò tiwa ló ń rò,
èyí tó gbé ọ̀kadà Tóluhì lọ lóṣù kẹsàn-án,
níbi tí pákó méjì ti ń jẹ́ afárá.

Lẹ́yìn náà, ihò inú àpáta, pẹ̀lú ojú fèrèsé fún ìbọn.
Ogun dé, wọ́n wọ ibẹ̀; ogun lọ,
wọ́n fi ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà.
Ìyá mi dákẹ́. Ó wá fi ẹnu júwe ìsàlẹ̀:
“Ìyá tó bí ìyá ìyá mi sá fún ẹlẹ́ṣin Núpé
wọ ihò tó wà lábẹ́ wa yìí,
ti òun ti oyún oṣù méje.
Ta ló ti sanwó wò ó rí?”

Ààfin kan lórí òkè, ní Fiáńdẹ́ńnì,
òrùlé rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́.
“Ọba ibẹ̀ ń kọ́?”
Kò sí ọba níbẹ̀ mọ́, Ìyá. Àlejò ló ń wọ ibẹ̀.
“Ta wá ni wọ́n ń kí?”

Bọ́ọ̀sì. Bósẹ̀dé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni,
kò sẹ́ni tó ń sanwó ọkọ̀ ní gbogbo ìlú náà.
Ìyá mi ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà.
Ó ní irọ́ ni, ọmọ òun kò fẹ́ kí òun máa ronú owó.

Ó wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, ó padà sí ti àkọ́kọ́,
ó ń fi ìka fẹ ojú wọn.
“Òun fúnra rẹ̀ dà?”
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Ilé àwọn arúgbó ni Bósẹ̀dé ti ń ṣiṣẹ́;
ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, òun nìkan ló ń rìn.
Ta ni yóò bá a di fóònù mú?

“Òun nìyí.”
Lórí òkúta afárá: òjìji kan, gígùn,
orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sósì
gẹ́gẹ́ bí ti bàbá wa nígbà tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀.
Ìyá mi sún fóònù mọ́ ẹnu.
“Òkun o, ọmọ mi,” ó wí fún òjìji náà. “Òkun.”

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ojú, ó ní kí n ya tiwa.
Kí n ya ihò. Kí n ya pákó méjì, bí a bá sọ̀ kalẹ̀.
“Ṣùgbọ́n kí n wà níbẹ̀ o. Nínú gbogbo rẹ̀.”
Mo gbé fóònù sókè.
Ó ní kí n dúró ná,
ó mú sálúbàtà kúrò lábíyá, ó wọ̀ ọ́:
Lúsì kò gbọdọ̀ rí òun lẹ́sẹ̀ lásán.